Báwo ni ọkọ̀ ogun tó ní rádà ṣe lè wà lójú òkun kí ó má yà fún ọkọ̀ akẹ́rù?

Ọmọtáyọ̀_Ìbàdàn
Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ tó wà níbí, mo kí yín o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìtukọ̀ ní Orón, òun ló sì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn ojú òkun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sí mi nípa USS Fitzgerald, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí òun àti ọkọ̀ akẹ́rù ACX Crystal kọlu ara wọn ní agogo kan ààbọ̀ òru, ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2017, lójú òkun Japan, níwájú ilẹ̀ Izu. Ọmọ ogun ojú omi méje ló bómi lọ. Mo wá ìjì nínú ìròyìn náà, n kò rí i. Mo wá kùrukùru, n kò rí i. Òṣùpá wà lójú ọ̀run, òkun sì rọ̀. Ohun tí kò yé mi ni pé ọkọ̀ tí wọ́n dìídì kọ́ kí ó lè máa rí ohun ìjà ọ̀tá tó ń fò bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, báwo ni kò ṣe ní rí ọkọ̀ tó gùn tó mítà 222, tó to àpótí ẹrù sórí gègèrè bí ilé alájà? Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí, kí ó jọ̀ọ́ là mí lóye.

Atukọ̀Àtijọ́
Àbúrò, ìbéèrè gidi lẹ béèrè. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tukọ̀ akẹ́rù kí ẹsẹ̀ mi tó ní òun kò gun àkàsọ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ òru ni mo sì ti dá wà ní yàrá ìtukọ̀ pẹ̀lú aṣọ́nà kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ìbéèrè yín ṣe díẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò rí ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n rí ìmọ́lẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ọkọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ náà, ibi tó dorí kọ, àti bí ó ṣe máa súnmọ́ wọn tó.

Lóru, ẹ kò ní rí ọkọ̀, iná rẹ̀ lẹ máa rí: pupa ní apá òsì, àwọ̀ ewé ní apá ọ̀tún, funfun lórí òpó, méjì ni funfun yìí fún ọkọ̀ ńlá, èyí ẹ̀yìn á sì ga ju ti iwájú lọ. Òfin àgbáyé tí wọ́n ṣe lọ́dún 1972 láti dènà ìkọlura lójú òkun sọ ọ́ nínú òfin 15 pé bí ọkọ̀ méjì tó ń fi ẹ́ńjìnnì rìn bá fẹ́ gba iwájú ara wọn kọjá, ẹni tó rí ẹnì kejì ní apá ọ̀tún rẹ̀ ni yóò yà fún un, tí kò sì ní gba iwájú rẹ̀ bí ààyè bá wà láti gba ẹ̀yìn. ACX Crystal wà ní apá ọ̀tún Fitzgerald. Ọkọ̀ ogun ló yẹ kó yà, òfin yìí kò sì sọ pé kí wọ́n yọ ọkọ̀ ogun sílẹ̀ nítorí pé ó ru ìbọn.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé a máa pàdé ara wa? Ẹ dúró sójú kan nínú yàrá ìtukọ̀, kí ẹ má mi, kí ẹ wo ọkọ̀ kejì láti ẹ̀gbẹ́ òpó fèrèsé kan. Bí ó bá ń kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn, yálà sí iwájú tàbí sí ẹ̀yìn, ẹ ó kọjá ara yín. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ òpó yẹn, tí kò kúrò, tó kàn ń tóbi sí i, ikú ló ń bọ̀ yẹn. Ohun tó ń tan ojú jẹ níbẹ̀ ni pé nǹkan tí kò kúrò lójú kan máa ń dà bí nǹkan tí kò rìn. Ọkàn èèyàn a balẹ̀ sí i. Ọkọ̀ tó sì ń sáré kìlómítà 37 ní wákàtí kan, bí Fitzgerald ti ń sá lóru ọjọ́ náà, a máa jẹ mítà 600 ó lé díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan péré.

Ìwádìí ilé iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù. Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà ní apá ọ̀tún wọn tó lè kọlù wọ́n, àmọ́ apá òsì nìkan ni wọ́n fi aṣọ́nà sí. Wọn kò yí rádà wọn sí bó ti yẹ kí àwòrán rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá tó wà lẹ́nu ìṣọ́ rò pé Crystal máa gba ọ̀nà tó jìnnà kọjá, ó sì pa á pọ̀ mọ́ ọkọ̀ mìíràn tó wà nítòsí rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n yà sọ́tùn-ún, ó wọ́gi lé e, ó ní kí wọ́n sáré gan-an kí wọ́n yà sósì. Ó ti bọ́. Wọn kò fun fèrè ìkìlọ̀ ẹlẹ́ẹ̀marùn-ún tí òfin là kalẹ̀, wọn kò sì pe ọkọ̀ kejì lórí rédíò.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ̀gákọ̀. Ó ti kọ àṣẹ sílẹ̀ pé bí ọkọ̀ èyíkéyìí bá máa súnmọ́ àwọn dé ìwọ̀n kan, kí wọ́n jí òun. Àgbà wà lọ́jà, ẹnikẹ́ni kò jí àgbà. Orí ibùsùn ló wà nígbà tí iwájú Crystal wọ yàrá rẹ̀.

ÌyáKẹ́hìndé
Ẹ ṣeun o, Bàbá. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo rántí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, àwòrán kan ń káàkiri orí ẹ̀rọ ayélujára, tó fi ipa ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù náà gbà hàn. Ó ń lọ tààrà, ó ṣẹ́rí padà lójijì, ó gba ibi tó ti wá lọ. Àwọn kan ní ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ padà lọ kọlu ọkọ̀ ogun náà. Àwọn mìíràn ní àwọn kan ló gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Bí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà mìíràn tún ṣe kọlu ọkọ̀ agbépo ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ẹ̀rù wá bà mí. Ṣé gbogbo èyí kò ní ọwọ́ ayé nínú?

Àjàní_Southampton
Ìyá wa, ẹ kú àníyàn. Àwòrán yẹn kò purọ́, àkókò tí àwọn èèyàn kà sórí rẹ̀ ló ṣì wọ́n lọ́nà. Ní nǹkan bí agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ọkọ̀ akẹ́rù náà tó fi ọ̀rọ̀ tó àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun Japan létí, ìyẹn ni gbogbo ìròyìn àkọ́kọ́ fi sọ pé agogo méjì kọjá ni ìkọlura ṣẹlẹ̀. Agogo kan ààbọ̀ ni òótọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi èyí sọ́kàn tí ẹ tún àwòrán náà wò, ẹ ó rí i pé wọ́n ti kọlura ná kí ó tó ṣẹ́rí padà. Ó ń padà lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Ní ti àwọn tó ní wọ́n gba kọ̀ǹpútà, ilé iṣẹ́ ológun ojú omi wádìí rẹ̀, wọn kò rí àmì rẹ̀ kankan.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ti Bàbá. Ọkọ̀ ńlá gbogbo ló ní ẹ̀rọ AIS, tó máa ń kéde orúkọ ọkọ̀, ibi tó wà, ibi tó dorí kọ àti bó ṣe ń sáré tó, kí gbogbo ọkọ̀ àyíká lè rí i lójú ẹ̀rọ tiwọn. Ọkọ̀ ogun a máa pa á, nítorí pé kò fẹ́ kí ọ̀tá mọ ibi tí òun wà. Fitzgerald kò kéde ara rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ẹni tó wà lẹ́nu ìṣọ́ lórí Crystal, bí ó bá gbójú lé AIS, kò ní rí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 2017 ni wọ́n tó pàṣẹ pé kí àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà máa tan AIS wọn níbi tí ọkọ̀ bá pọ̀ sí. Ohun tó ya èmi lẹ́nu ni pé ogun kò sí lójú òkun Izu, ọkọ̀ ọlọ́jà ló kún ibẹ̀, ta ni wọ́n wá ń sá pamọ́ fún?

ỌmọAyétòrò
Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Ìlàjẹ. Apẹja ni bàbá tó bí mi lọ́mọ, èmi náà sì ti bá a lọ sójú òkun lóru títí. Gbogbo ẹ̀bi tí ẹ ń kó lé ọkọ̀ ogun lórí yìí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ atukọ̀ akẹ́rù náà ní tiyín. Ọkọ̀ akẹ́rù ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rí, ó súnmọ́ wa débi pé ìgbì rẹ̀ da omi bo àtùpà wa pa. A pariwo, a fi tọ́ọ̀ṣì yí wọn lójú, a kò rí orí ẹnikẹ́ni lókè yẹn. Ọkọ̀ tó ga bí òkè, tí ó ń lọ bíi pé kò sẹ́ni nínú rẹ̀! Ṣé òfin ní kí Crystal máa lọ kó máa lọ ni, nígbà tó rí i pé ẹni tó yẹ kó yà kò yà?

Atukọ̀Àtijọ́
Ọmọ Ayétòrò, o bá mi wí, mo sì gbà. Ọ̀rọ̀ rẹ wà nínú òfin 17. Ẹni tó ni ọ̀nà gbọ́dọ̀ máa lọ bó ṣe ń lọ, kó má yí orí ọkọ̀, kó má yí eré padà, kí ẹni tó ń yà lè mọ ohun tí yóò ṣe. Bó bá wá hàn pé ẹni yẹn kò yà, a fún un láyè láti ṣe nǹkan fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé ibi tí yíyà ẹnì kan ṣoṣo kò lè gbà wọ́n mọ́, dandan ni kí òun náà ṣe é. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lu agogo fún ọ pé àkókò ìdúró ti parí. Mo ti dúró báyẹn rí, ọwọ́ mi wà lórí fèrè, mo ń wo iná pupa ọkọ̀ kan, mo ń sọ fún ara mi pé yóò yà, yóò yà. Ó yà níkẹyìn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ pé kí n tètè máa fun fèrè.

Àjọ ìwádìí ààbò ìrìnnà Amẹ́ríkà, NTSB, gbé àbájáde tirẹ̀ jáde lọ́dún 2020. Orí àwọn tó wà ní yàrá ìtukọ̀ Fitzgerald ni wọ́n gbé ẹ̀bi tó pọ̀ jù lé, pé wọn kò tètè yà, wọn kò sì yà dáadáa. Àmọ́ wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú pé ẹni tó wà lẹ́nu ìṣọ́ lórí Crystal kò tètè rí ọkọ̀ ogun náà, àti pé ohun tó ṣe kò tó nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyè méjì. Ogún èèyàn péré, ọmọ Philippines, ló wà nínú gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù yẹn. Nínú ọkọ̀ ogun, èèyàn tó ọ̀ọ́dúnrún. Ìyẹn ni mo fi ní ọ̀rọ̀ ojú kọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Àwọn tó wà ní yàrá ìtukọ̀ àti àwọn tó jókòó ti rádà nísàlẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ náà.

Ọmọtáyọ̀_Ìbàdàn
Ẹ ṣeun gidigidi, Bàbá. Ìbéèrè kan ló kù: kí ló dé tó fi jẹ́ pé inú ọkọ̀ ogun ni gbogbo òkú ti wá, tí ọkọ̀ akẹ́rù kò sì ní ju ìmú fífọ́ lọ?

Atukọ̀Àtijọ́
Nítorí ìmú yẹn gan-an ni. Iwájú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ní irin rogodo kan tó yọ síta lábẹ́ omi, tó máa ń jẹ́ kí omi là fún un kí epo má baà run jù. Láti òkè, ẹ kò ní rí i. Apá òkè Crystal fọ́ yàrá ọ̀gákọ̀, irin abẹ́ omi yẹn sì dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ Fitzgerald, ihò tó fẹ̀ tó mítà mẹ́rin sí márùn-ún. Yàrá kan ni ihò náà ṣí sí, ibi tí èèyàn márùndínlógójì ń sùn sí.

Mo ka ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn lẹ́ẹ̀mejì, n kò lè kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn kan kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kọlu ọkọ̀. Ariwo pé omi ti wọlé ló jí wọn, àwọn mìíràn sì wà tí ẹlẹgbẹ́ wọn fà bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, omi ti mu wọ́n dé ìbàdí, ó ń lọ sí ọrùn. Tìmùtìmù ń léfòó, kọ́bọ́ọ̀dù ń léfòó, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ṣeré ìmárale náà wá dábùú ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin méjì dúró sí ìdí àkàsọ̀, wọ́n ń ti ẹlòmíràn gòkè. Méjìdínlọ́gbọ̀n ló jáde. Lókè, èèyàn márùn-ún ń fi òòlù ńlá, irin ìmárale àti ara wọn fọ́ ilẹ̀kùn ọ̀gákọ̀, nígbà tí wọ́n sì wọlé, wọ́n bá a níbi tó ti ń rọ̀ dìrọ̀dìrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

Àjàní_Southampton
Ìyá Kẹ́hìndé dárúkọ ti oṣù kẹjọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nítorí pé ẹ̀rọ ni iṣẹ́ tèmi. USS John S. McCain ni, àti Alnic MC, ọkọ̀ agbépo tó ń gbé àsíá Làìbéríà, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2017, ní nǹkan bí agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, lẹ́nu ọ̀nà Singapore. Èèyàn mẹ́wàá kú. Níhìn-ín, aṣìmọ̀ iná kọ́ ló fà á. Ọ̀gákọ̀ wà ní yàrá ìtukọ̀ fúnra rẹ̀. Ó rí i pé ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú ń tiraka láti mú ọkọ̀ lọ tààrà kó sì tún máa ṣàkóso eré rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àkóso eré fún ẹnì kejì. Ojú gíláàsì tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé eré lọ, wọ́n gbé ìtọ́kọ̀ náà lọ láìmọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ yí i, kò gbọ́. Ó kígbe pé ìtọ́kọ̀ ti kú. Kò kú, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà. Ọ̀gákọ̀ ní kí wọ́n dín eré kù, abẹ̀bẹ̀ omi méjì ló sì ń ti ọkọ̀ náà. Wọ́n dín ti òsì kù, ti ọ̀tún ń sá lọ. Ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wò, ẹ ó rí ibi tó máa yí sí. Ó yí sósì, ó bọ́ síwájú ọkọ̀ agbépo. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀.

Nínú àwọn tó wà lẹ́nu ìṣọ́, a rí àwọn tí wọ́n yá láti ọkọ̀ ogun mìíràn tí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Oorun náà wà ńbẹ̀. Ìwádìí kan tí ilé iṣẹ́ ológun ojú omi náà ṣe lọ́dún 2014 fi hàn pé wákàtí 108 ni ọmọ ogun ń fi wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan. Ẹ̀kọ́ náà wà ńbẹ̀: lọ́dún 2003, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ti ń kọ́ ìtukọ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀, wọ́n kó àwo CD fún wọn kí wọ́n máa fi kọ́ ara wọn nínú ọkọ̀.

ÌyáKẹ́hìndé
CD! Ọmọ mi kò lè fi CD kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà. Ojú gíláàsì yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń lò ó?

Àjàní_Southampton
Lọ́dún 2019 wọ́n kéde pé àwọn máa dá ọ̀pá tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì padà fún àkóso eré. Àwọn atukọ̀ fúnra wọn ló ní àwọn fẹ́ nǹkan tí ọwọ́ lè dì mú.

ỌmọAyétòrò
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé Amẹ́ríkà nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí ni?

Atukọ̀Àtijọ́
Rárá o. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2018, ní Norway, ọkọ̀ ogun Helge Ingstad ń sáré bọ̀ nínú Hjeltefjorden ní agogo mẹ́rin ìdájí, AIS rẹ̀ kò kéde. Ọkọ̀ agbépo Sola TS ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní èbúté epo Sture, epo rọ̀bì kún inú rẹ̀. Iná iṣẹ́ orí ọkọ̀ agbépo náà ṣì ń tàn yòò nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ń palẹ̀ mọ́ lórí rẹ̀, iná yẹn sì bo iná ìrìnnà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́nà lórí ọkọ̀ ogun yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣọ́nà ṣáájú ni, wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ rẹpẹtẹ níwájú, wọ́n rò pé nǹkan tó dúró sójú kan létí ilẹ̀ ni.

Ọmọ Ayétòrò, ìwọ á mọ ohun tí mò ń sọ. Bí o bá ń bọ̀ láti ojú òkun lóru tí o wo iwájú Èkó, àwọn ọkọ̀ tó ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ níbẹ̀ dà bí ìlú. Sọ fún mi èyí tó ń rìn nínú wọn.

Ọkọ̀ agbépo pè wọ́n lórí rédíò, ó ní kí wọ́n yà sọ́tùn-ún. Ọkọ̀ ogun dáhùn pé àwọn kò lè yà sọ́tùn-ún báyìí, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n rò pé ilẹ̀ ni, wọ́n á kọ́kọ́ kọjá rẹ̀ ná. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń bá wọn sọ̀rọ̀! Èèyàn 137 ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ ọkọ̀ náà rì. Yàrá rẹ̀ tó yẹ kó dá dúró gba omi láti ara wọn, nítorí pé inú ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ omi rẹ̀ ṣófo, omi sì ń gba inú ọ̀pá yẹn láti yàrá kan bọ́ sí èkejì. Lọ́dún 2019 ni wọ́n gbé e sókè, wọ́n sì sọ ọ́ di irin àlòkù.

ỌmọAyétòrò
Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé a ó dákẹ́ ẹ́ńjìnnì díẹ̀, a ó gbọ́. Èyí tó ń rìn ní ìró.

Ọmọtáyọ̀_Ìbàdàn
Mo ti fi gbogbo èsì yín ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, pé wọ́n ti kọ́ àwọn ní ti ọkọ̀ tí kò kúrò lójú kan, àmọ́ kọ́ńpáàsì ni olùkọ́ àwọn ní kí àwọn máa fi wò ó, pé òpó fèrèsé kò péye.

Atukọ̀Àtijọ́
Olùkọ́ rẹ̀ ló tọ̀nà. Kó máa fi kọ́ńpáàsì wò ó, kó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kó tún wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Òpó fèrèsé wà fún ìgbà tí ọkọ̀ mẹ́ta bá yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó sì béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ náà bóyá èèyàn lè jí ọ̀gákọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru kan, nítorí èmi jí tèmi lẹ́ẹ̀marùn-ún rí, ó sì bú mi ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, àmọ́ ó dìde.